Eyín tó hù fún ọmọ yín ní ọdún 6 kì í ṣe eyín tí yóò ká

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ẹnu ọmọ yín wò lónìí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìtọ́jú eyín àkọ́bí mi, ọmọ ọdún 11, àyà mi ò sì tíì balẹ̀ tán.

Eyín ẹ̀yìn kan nísàlẹ̀, lọ́wọ́ òsì, ló kọ́kọ́ ń dùn ún. Bó bá ti mu omi tútù, á di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ìyá ọkọ mi wò ó, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé eyín ọmọdé ni, yóò ká, òmíràn á hù. Bí gbogbo àdúgbò wa ṣe gbà á nìyẹn. Ẹ ò sì lè bá wọn wí, nítorí eyín rẹ̀ mìíràn ká lóṣù yẹn gan-an, a sì jọ jù ú sórí òrùlé. Ní kẹ́mísì, wọ́n po kápúsù àti oògùn ìrora pọ̀ fún wa. Ó lò ó, eyín dákẹ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Dídákẹ́ yẹn gan-an ni ewu. Kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń jẹ ṣúgà tó bá lẹ̀ mọ́ eyín, omi kíkan tó ń jáde lára wọn ló ń dá ihò sí eyín. Bí ihò náà bá dé iṣan tó wà láàrin eyín, a ò ní lè sùn. Tí iṣan yẹn bá wá kú, ìrora á lọ, a ó rò pé ó ti san, àṣé ọyún ń gbárajọ sí ìdí gbòǹgbò.

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ ní ọrùn ń dun òun. Láàrin òru, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú débi pé ojú òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Ara rẹ̀ ń jó. Kò lè la ẹnu ju ìbú ìka mi lọ. Itọ́ ń dà sí i láyà nítorí kò lè gbé e mì. Mo fọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó le koránkorán. Bàbá wọn wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó, kò sí iná, aládùúgbò kan ní ká fi omi bátìrì kán an sínú ihò eyín, òmíràn ní ògógóró. Mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kán nǹkan kan sí ọmọ mi lẹ́nu. (Omi bátìrì, epo bẹntiróòlù, gbogbo ẹ̀ ló ń jó ẹran ẹnu. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dán an wò lára ọmọ yín.) A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó gbé orí lé mi láyà, ó ní, "Mọ́mì, ṣé mi ò ní kú?" Ohùn rẹ̀ ò já gaara. Títí di báyìí tí mo ń kọ ọ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tá a kàn lẹ́nu ọ̀nà, ọlọ́dẹ ní kò sí dókítà. Ní èkejì, nọ́ọ̀sì kan fọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, kò tilẹ̀ béèrè káàdì tó fi sáré pe dókítà. Dókítà ní ká dúpẹ́ pé a ò dúró dilẹ̀ mọ́, pé bí wíwú bá ti dé abẹ́ àgbọ̀n àti ọrùn, ó lè dí ọ̀nà èémí.

Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n la ibi tó wú, ọyún jáde, wọ́n dá a dúró. Ó yá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fọ inú gbòǹgbò eyín náà, wọ́n dí i, wọ́n fi ìbòrí irin bò ó kó má baà là.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ rèé ju gbogbo rẹ̀ lọ: eyín yẹn kì í ṣe eyín ọmọdé. Eyín ọmọdé jẹ́ 20, márùn-ún márùn-ún lápá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹnu. Nígbà tọ́mọ bá tó ọdún 6, ìkẹfà á rọra hù lẹ́yìn wọn, lókè àti nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún lósì. Kò sí èyí tó ká kó tó jáde, ìyẹn la ò fi ń fura. Ẹ ka eyín láti àárín iwájú lọ sẹ́yìn. Ìkẹfà yẹn ni yóò bá ọmọ yín dàgbà, òmíràn ò ní í hù rọ́pò rẹ̀.

Àwọn kan ti bi mí pé kí ló dé tí mi ò jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, pé yíyọ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé owó wà lọ́wọ́ mi, a yá nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àlàfo bá wà níbẹ̀, eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa wọ́ sí i. Ọmọ ọdún 11 ni, eyín ìkẹfà ni! Bẹ́ẹ̀ ni mo ń tún un sọ, nítorí èyí ni wọn ò sọ fún wa ní kẹ́mísì.

Ẹ má sì sọ pé a kì í fọ eyín nílé mi. Láràárọ̀ la ń fọ ọ́. Ti alẹ́ ló ṣe kókó jù, torí itọ́ tó ń ṣan eyín máa ń dín kù lójú oorun. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, èròjà tó ń mú eyín le, ni kẹ́ ẹ lò, kí ọmọ tutọ́ rẹ̀ dànù láìfi omi yọ ẹnu lẹ́yìn náà. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ máa fọ ọ́ fún un títí tó fi máa tó ọdún 7 tàbí 8. Mo fẹ́ràn pákò orin àta, ìyá mi ò lo nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ wo bóyá ó ń dé eyín ẹ̀yìn lóòótọ́. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní tetracycline náà, ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8, ó lè sọ eyín di aláwọ̀ ìyeyè tàbí búráwùn tí kò ní í lọ mọ́.

Ẹ̀ka eyín wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá: ó wà ní UCH nílùú Ìbàdàn, ó wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà nílùú Èkó, ó wà ní OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀. Bí eyín bá ń dun ọmọ yín, ẹ lọ. Bó bá dùn tó sì dákẹ́, ẹ yáa sáré lọ. Ọjọ́ Ẹtì yìí ni èmi àti àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún 7, ń lọ kí wọ́n bá a kun oògùn tó ń le sórí eyín ìkẹfà, tí oúnjẹ ò fi ní ráyè há sí ihò wẹ́wẹ́ orí rẹ̀. Mo ti tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́.