Àwọn Ọmọ Tí Kò Rí Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Gbà Lọ́dún Kòrónà

Fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún 2020, alaalẹ́ ni wọ́n ń ka iye àwọn tí àrùn kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú fún wa lórí rédíò, láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, títí tí yóò fi kan Oǹdó tiwa. Kò sí ẹni tí ń ka iye àwọn ọmọ ọwọ́ tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn kọjá láì rí i gbà. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ó ń jẹ mí lọ́kàn jù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Àkúrẹ́ gbà pé ìbẹ̀rù nìkan ni ó dá àwọn ìyá dúró sílé. Ẹ̀rù bà wọ́n lóòótọ́, nítorí ibà Lassa ti ń jà ní agbègbè Ọ̀wọ̀ kí kòrónà tó dé, kòrónà sì tún mú kọmíṣọ́nnà ètò ìlera wa, Dókítà Wahab Adegbenro, lọ ní oṣù Keje. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà ti rí. Abẹ́rẹ́ ikọ́ fée tí a ń gún ọmọ tuntun ní apá òsì, àti ti èéyi tí a ń gún un ní oṣù mẹ́sàn-án, gbígbẹ ni wọ́n máa ń wà nínú ìgò kékeré tí ó lè tó ọmọ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí nọ́ọ̀sì bá ti po ó mọ́ omi rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lò ó tán láàárín wákàtí mẹ́fà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò dà á nù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dá ọjọ́ abẹ́rẹ́ sọ́tọ̀, kí àwọn ìyá lè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ìjọba wá ní kí èrò má ṣe pọ̀ lójú kan, tí ọkọ̀ sì wọ́n, ìyá méjì tàbí mẹ́ta péré ni ó ń dé. Mo mọ ìyá kan ní àdúgbò wa tí wọ́n ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, nítorí pé èrò kò tíì tó láti ṣí ìgò. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fi ọ̀rá wé káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ náà kí òjò má baà pa á.

Kò mọ sọ́dọ̀ wa. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n dá ìpolongo abẹ́rẹ́ tí ń kó èrò jọ dúró fúngbà díẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún, UNICEF figbe ta pé àìsí bàálù kò jẹ́ kí àjẹsára dé àwọn orílẹ̀-èdè. Àjọ méjèèjì ṣírò rẹ̀ pé ọmọ mílíọ̀nù 23 ni abẹ́rẹ́ wọn kò pé lọ́dún 2020, ó sì di mílíọ̀nù 25 lọ́dún 2021. Ní Íńdíà, àwọn ọmọ tí kò gba àkọ́kọ́ nínú abẹ́rẹ́ ipá àti ikọ́ líle kúrò ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.4, wọ́n di mílíọ̀nù 3 láàárín ọdún kan.

Lójú tèmi, àṣìṣe ńlá ni kí a máa wàásù fún àwọn ìyá bí ẹni pé ṣe ni wọ́n kọ abẹ́rẹ́. Orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn wà nínú ìwé àwọn nọ́ọ̀sì, pẹ̀lú àlàfo níwájú rẹ̀. Ẹni tí yóò wá wọn kàn nílé ni wọ́n ń fẹ́, bí àwọn tí ń kán oògùn rọpárọsẹ̀ ti ṣe láti ojúlé dé ojúlé títí Áfíríkà fi gba ìwé ẹ̀rí pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ ojúlówó kòkòrò àrùn náà ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020. Àwọn ọmọ ìgbà kónílé-ó-gbélé ti wà nílé ẹ̀kọ́ báyìí. Kí àwọn olùkọ́ Àkúrẹ́ àti Oǹdó béèrè káàdì wọn bí wọ́n ti ń béèrè ìwé ìbí, kí wọ́n sì darí ẹni tí kò tíì gba ti èéyi sí ilé ìwòsàn, nítorí pé a ṣì lè gún un fún un.