Ẹ bá mi dúpẹ́: ìwé ti jáde, oorun ti padà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìwé ilé ẹjọ́ tó tú ìgbéyàwó mi ká ti wà lọ́wọ́ mi. Èyí tó kẹ́yìn ni o, kì í ṣe ti àkọ́kọ́ tí òfin ní kéèyàn fi oṣù 3 dúró lé lórí. Ẹ ò ní ka ohun tó wà láàárín èmi àti bàbá àwọn ọmọ níbí. Ẹni tó mọ̀, mọ̀.

Ọjọ́ tó bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe ọjọ́ ìdájọ́. Mo wọ mọ́tò ní Berger, ní Abuja níbí, mò ń relé ní Kubwa. A ò tíì kọjá Gwarinpa tí àyà mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì. Ọwọ́ kú tán. Mo fẹ́ ní kí dírẹ́bà dúró, ohùn ò jáde. Mo ní ikú dé nìyí, ta ni yóò lọ mú àwọn ọmọ ní iléèwé? Ní ọsibítù, wọ́n yẹ ọkàn mi wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é, ìpayà ni. Dókítà ní kí n lọ máa rí obìnrin kan tó ń gba èèyàn nímọ̀ràn. Èmi tí mo ti ń pe irú ẹ̀ ní ti wèrè! Mo lọ, mo sunkún níbẹ̀, ó sì ṣe mí lóore.

Ṣùgbọ́n Hajiya tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi ni Ọlọ́run rán. Haúsá mi ò ju "ina kwana" àti "nawa ne" lọ, obìnrin yìí ò sì bi mí ní ìbéèrè kankan. Láràárọ̀, kunu gyada, ìyẹn ẹ̀kọ mímu tí wọ́n fi ẹ̀pà ṣe, àti àkàrà. Bí mo bá ní mi ò jẹ, á jókòó sórí àga oníke, á máa wò mí títí n ó fi gbé ife sẹ́nu. Ìgbà tó yá ló sọ fún mi pé òun náà ti kúrò nílé ọkọ rí, ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òun ti gbé Kaduna rí. Ní Kano ẹ̀wẹ̀, ìjọba Kwankwaso, gómìnà ibẹ̀ nígbà náà, gbé owó sílẹ̀ ní 2012 pé kí àwọn opó àti àwọn tí ọkọ ti kọ̀ tún lọ́kọ.

Àwa ńkọ́? Ẹ̀yin ìyá ìjọ yọ orúkọ mi kí n tó dé ilé ẹjọ́, ẹ ní dálémoṣú kì í darí àdúrà. Ẹ kú iṣẹ́. Mò ń gbà á ní ìdáná mi, ó ń gbà. Àti Àǹtí mi ní Ìlọrin tó ní kí n padà lọ bẹ̀bẹ̀ nítorí àwọn ọmọ: ọmọ ti ń sùn mọ́jú báyìí o, ìyá wọn náà sì ń sùn.

Ẹ ò bi mí, n ó sọ. Bí ẹ bá ṣègbéyàwó ní rẹ́jísírì, kọ́tù ìbílẹ̀ ò lè tú u ká, ilé ẹjọ́ gíga ni. Ẹ má gba ìwé tí kò níláárí kí ẹ sì lọ fẹ́ ẹlòmíì lé e lórí.

Mo ti kun pálọ̀ ní yẹ́lò, àwọ̀ tí ẹnì kan ní kò bójú mu. Àwa àti àwọn ọmọ ń lọ gbatẹ́gùn ní Jabi ní Sátidé, mo sì gbọ́ ẹ̀rín ara mi níbẹ̀, ó yà mí lẹ́nu.

Ìdúpẹ́ ń bọ̀ nílé mi. Hajiya ló ń se tuwo, èmi ni ìrẹsì. Kò sí aṣọ ẹbí. Ẹ̀yin ìyá ìjọ náà, ẹ máa bọ̀, oúnjẹ á tó. Ẹni tó bá fẹ́ wá bi mí pé ìgbà wo ni n ó tún lọ́kọ nìkan ni kó jẹun tiẹ̀ nílé.