Àna ni wọ́n ń bẹ̀rù, kì í ṣe abẹ́rẹ́

Ọjọ́bọ̀, lálẹ́.

Mọ́mì Mọ́kọ́lá, ẹ̀gbọ́n màmá mi, ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù wọn láàárọ̀ yìí. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Ìwádìí lórí jẹjẹrẹ ọyàn ni, irú èyí tó ń bá ìdílé rìn, wọ́n sì fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ wo lẹ ò tíì gbà lára mi?" ni Mọ́mì wí, tí wọ́n ká apá aṣọ sókè. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí nọ́ọ̀sì ṣí ojú ìwé kejì ni ẹ̀rín tán. Ṣé Mọ́mì ní àbúrò? Ṣé wọ́n bímọ? Ṣé àwọn ọmọ náà á lè yọjú? Mọ́mì wò mí, wọ́n tún wo ilẹ̀, wọ́n ní àwọn á bá wọn sọ ọ́ nílé. Mo ti mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Bọ̀dá Wálé, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìdílé wa, ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Mo máa ń gbọ́ ọ lórí rédíò pé àwa Yorùbá kì í fẹ́ kópa nínú ìwádìí, pé a rò pé wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ wa ṣe oògùn owó. Àwọn tó rò bẹ́ẹ̀ wà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ wá nígbà tí ètò HapMap, ìwádìí lórí bí jíìnì, àbùdá tí òbí ń gbé fún ọmọ, ṣe yàtọ̀ láàárín èèyàn, bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Ìdílé 30 ló yọjú, bàbá, ìyá àti ọmọ kan tó ti dàgbà, èèyàn 90 lápapọ̀. Wọn kì í ṣe aláìsàn tó ń wá ìwòsàn. Wọ́n kàn na apá ni, láìsí orúkọ wọn níbẹ̀, dòní olónìí ni láàbù káàkiri ayé sì ń lo ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Láti 1998 sí 2014 náà ni àwọn obìnrin fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn fún ìwádìí jẹjẹrẹ ọyàn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade ti Yunifásítì Chicago àti àwọn dókítà UCH jọ ṣe. Àwọn tó ní àìsàn náà lé ní 1,100, àwọn tí kò ní in tó yọ̀ǹda ara wọn sì sún mọ́ 1,000. Kí ló wá kan ẹni tí ara rẹ̀ le nínú ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, bí kò ṣe pé ó fẹ́?

Èsì ìwádìí náà tó jáde ní 2018 ló dá oorun mọ́ mi lójú. Nínú obìnrin 8 tó ní jẹjẹrẹ ọyàn, ti ẹnì kan jẹ́ àjogúnbá. Jíìnì BRCA1 tó bàjẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, BRCA2 ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ní in, bó bímọ mẹ́wàá, olúkúlùkù wọn ló lè gbà á, olúkúlùkù wọn ló sì lè bọ́, ìdajì sí ìdajì. Ọkùnrin náà sì lè gbé e fún ọmọ rẹ̀ obìnrin kí ohunkóhun má ṣe òun fúnra rẹ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ọyàn, ọ̀rọ̀ obìnrin ni.

Láyé àtijọ́, kí wọ́n tó gba ìyàwó, alárinà á ti lọ tọsẹ̀ ìdílé. Ṣé wọn kì í ya wèrè nílé yẹn? Ṣé kò sí wárápá? Ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀? Ilé tí wọ́n bá ti rí nǹkan kan, inú ilé lọmọbìnrin wọn á gbó sí. Alárinà ti lọ, ìtọsẹ̀ ò lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí ẹ bá bi ará ilé wa lóhun tó pa màmá mi, ibà ni wọ́n máa ní. Àbúrò tó tẹ̀ lé Mọ́mì Mọ́kọ́lá ni màmá mi. Ọyàn òsì ni ti wọn.

Nírọ̀lẹ́, Mọ́mì sọ ọ́ fún Bọ̀dá Wálé. Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. "Mọ́mì, mi ò ní rárá o. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìdána ná."

"Ṣé ìwọ ni wọ́n gé lọ́yàn ni?" ni Mọ́mì wí.

Kò sẹ́ni tó fọhùn. Nígbà tó yá, Bọ̀dá Wálé bi mí, kì í ṣe Mọ́mì: "Bí wọ́n bá rí i lára mi, ta ni wọ́n máa sọ fún?"

Ìbéèrè gidi ni. Nọ́ọ̀sì ti ṣàlàyé abẹ́rẹ́ fún wa títí ó fi sú wa, ìgò ẹ̀jẹ̀ wo, kí apá má wú. Gbólóhùn kan péré ló sọ nípa àṣírí: nọ́ńbà ni wọ́n máa lò dípò orúkọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló yẹ kó jókòó sí. Gbogbo wa la ti ṣe jẹ́nótaìpù, ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ ọ́ di dandan kí wọ́n tó so èèyàn pọ̀, a sì ti rí AS méjì tí wọ́n tú ká. Ta ló máa dá Bọ̀dá Wálé lójú pé pásítọ̀ ò ní béèrè BRCA lọ́la?

Ohun tó ń ṣe mí ní òdìkejì ni pé ẹ̀rù ń ba Bọ̀dá Wálé pé wọ́n máa sọ ọ́, ẹ̀rù ń ba èmi pé wọn ò ní sọ fún mi. Ìwádìí kì í ṣe ìtọ́jú, mo mọ̀. Wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ mi, kí wọ́n ka jíìnì mi, kí n má gbọ́ nǹkan kan títí láé. Bẹ́ẹ̀ mo lọ́mọbìnrin. Bí ó bá wà lára mi, mo fẹ́ tètè máa ṣe síkáànì, mo fẹ́ mọ iye owó tí màá máa tọ́jú pamọ́. Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n dáhùn kí n tó fọwọ́ sí i: ṣé ẹ máa pè mí? Bí ẹ bá pè mí, ta ló máa sanwó ohun tó kàn?

Bọ̀dá Wálé ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé àwọn á bá mi lọ lọ́jọ́ Ajé, kí n ṣáà má tíì sọ fún ìyàwó àfẹ́sọ́nà àwọn. Mo ní ẹnu tèmi kọ́ ló yẹ kó ti gbọ́ ọ.