Whittier: ẹ̀bá iná kan náà

Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ pé akéwì méjì ló wà nínú John Greenleaf Whittier: ọ̀kan ń ṣàárò oko bàbá rẹ̀, èkejì ń bá àwọn tó ń kóni lẹ́rú jà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ ka Snow-Bound, ewì gígùn tó kọ nípa ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ẹ ó rí i pé ẹ̀bá iná kan náà ni méjèèjì ti wá.

Haverhill ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1807, ọmọ àgbẹ̀, ẹlẹ́sìn Quaker, ìyẹn ìjọ Kristẹni kan. Nínú ewì náà, òjò dídì ti sé wọn mọ́lé. Ápù tò lẹ́sẹẹsẹ lẹ́bàá iná, omi ara rẹ̀ ń ta pàrà. Bàbá ń ròyìn, ìyá ń ròyìn, wọ́n ń pa àlọ́ àpamọ̀. Làwọn ọmọ bá ka ewì inú ìwé ilé ẹ̀kọ́ wọn, ti olóyè kan láti etíkun Gambia tó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní gbé ayé ẹrú. Ibẹ̀ gan-an ni Whittier ti dá ìtàn dúró. Ó ní ní gbogbo ọdún tí ìkónilẹ́rú fi ń ṣe bó ṣe wù ú nílẹ̀ náà, ṣe lòun ń gbọ́ ẹsẹ ewì yẹn bí ìró kàkàkí láti òkèèrè. Àárín àlọ́ àti ápù ló fi í sí!

Ó sì jẹ́ ìpè náà. Lọ́dún 1833, owó ara rẹ̀ ló fi tẹ Justice and Expediency, ìwé pélébé tó fi ní kí wọ́n dá àwọn ẹrú sílẹ̀. Ọdún yẹn náà ló fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ American Anti-Slavery Society, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti ìkónilẹ́rú, ní Philadelphia, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé ìfọwọ́sí yẹn níyì lójú òun ju kí orúkọ òun wà lórí ìwé èyíkéyìí lọ. Lọ́dún 1838, àwọn jàǹdùkú dáná sun Pennsylvania Hall, gbọ̀ngàn ìpàdé àwọn tó ń gbógun ti ìkónilẹ́rú ní Philadelphia, níbi tí ọ́fíìsì ìwé ìròyìn tó ń ṣe olóòtú rẹ̀ wà. Kò torí ìyẹn jáwọ́.

Nígbà tí Snow-Bound fi máa jáde lọ́dún 1866, òfin ti fòpin sí oko ẹrú. Ìyá rẹ̀ ti kú, Elizabeth àbúrò rẹ̀ ti kú. Nínú àwọn tó yí iná yẹn ká nínú ẹbí, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin nìkan ló kù.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù ni ti ọ̀dọ́ olùkọ́ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ó ń fi ìbọ̀wọ́ bo ológbò lójú, ó ń kọrin. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu ẹni tó ń kà á nígbà tí Whittier yí ohùn padà: irú ọmọkùnrin yìí ló fẹ́ kó tẹ̀ lé ipa ogun, kó já ẹ̀wọ̀n tó kù, kó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sórí gbogbo òkè, títí Àríwá àti Gúúsù Amẹ́ríkà, tó bára wọn jagun abẹ́lé, yóò fi jọ kórè lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti jà. Olùkọ́ ló yàn síṣẹ́ yẹn, kò yan ọ̀gágun.