Wáyà tó wà láàárín drive àti mọ́tọ̀ ni kí ẹ náwó lé

Tí mọ́tọ̀ ilé-iṣẹ́ bá jóná lẹ́yìn tí wọ́n so drive (ẹ̀rọ tó ń darí bí mọ́tọ̀ ṣe ń yára tó) mọ́ ọn, ẹni tó ṣe rewind (tó tún wáyà inú rẹ̀ wé) ni gbogbo èèyàn ń bú. Èmi, wáyà tó so àwọn méjèèjì pọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Iná 415 V tó wọ inú drive á di DC (irú iná tó wà nínú bátìrì), bíi 585 V. Drive á wá máa gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kó tó rán an lọ sí mọ́tọ̀. Bí wáyà bá gùn, iná yẹn á ta padà lẹ́nu mọ́tọ̀, èyí tí ẹ máa bá níbẹ̀ sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, bíi 1,170 V. Wáyà PVC tí wọ́n kọ 450/750 V sí lára, tí a ń fà sínú ilé, kò lè gba irú ìyà yìí pẹ́, pàápàá tí omi bá ti rin páìpù. Kébù XLPE (ọ̀rá tó ń gba ooru ju PVC lọ) 0.6/1 kV tó ní ìbòrí bàbà yíká ni kí ẹ rà. Bí kò bá sí lọ́jà, armoured XLPE oníwáyà mẹ́rin (èyí tí wọ́n fi irin wé) tẹ́ mi lọ́rùn fún ọ̀nà tí kò jìn. Bó bá ju mítà 50 lọ, ẹ fi dV/dt filter, tó ń dẹ bí iná ṣe ń ta lójijì, sẹ́nu drive. Owó rẹ̀ kò tó ti mọ́tọ̀ tuntun.

Mọ́tọ̀ 7.5 kW máa ń fa bíi 15 A. 2.5 mm² lè gbé e lórí ìwé, ṣùgbọ́n níbi tí ooru ti ń tó 40°C, tí kébù púpọ̀ sì jọ wà nínú trunking (àpótí gígùn tí a ń to kébù sí) kan, 4 mm² ni mo máa ń lò. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó: 4 mm² onífọ́nrán méje, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tó 0.85 mm. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ọ̀kan. Bàbà gidi pupa dénú. Tí inú rẹ̀ bá funfun, álúmíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, ẹ dá a padà fún wọn.

Iná tó ń jò sí earth lára drive sábà máa ń ju 3.5 mA lọ. Ìdí nìyẹn tí IEC 61800-5-1, ìlànà àgbáyé lórí ààbò drive, fi ní kí wáyà earth jẹ́ bàbà 10 mm², tàbí kó jẹ́ méjì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba. Ìdí kan náà ni RCD 30 mA (switch tó ń já bí iná bá ń jò) fi máa ń já ṣáá.

Ìbòrí bàbà yẹn, ẹ fi gland onírin (ohun tó ń di kébù mú níbi tó ti ń wọlé) tàbí clamp dì í mú yíká, lẹ́nu drive àti lẹ́nu mọ́tọ̀. Ẹ má lọ́ ọ pọ̀ bí ìrù kí ẹ wá so ó mọ́ bóòtù kan: iṣẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Wáyà sensor gbọ́dọ̀ jìnnà sí kébù mọ́tọ̀ tó 30 cm. Bó bá pọn dandan kí wọ́n kọjá lórí ara wọn, kí wọ́n dábùú ara wọn gbọnrangandan. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, sensor á máa purọ́, ẹ ó sì máa pààrọ̀ sensor tí kò ṣe nǹkan kan.

Wáyà onífọ́nrán wẹ́wẹ́, ferrule (ọ̀pá irin kékeré tí a ń tẹ̀ mọ́ fọ́nrán) ni kí ẹ fi sí i lẹ́nu. Ẹ má fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀, torí lẹ́ẹ̀dì máa ń rọ̀ lábẹ́ ìdè, ibẹ̀ á tú, á gbóná, á sì jó.

Iná ìta kò gbọ́dọ̀ dé U, V, W, ẹnu mẹ́ta tí drive fi ń rán iná sí mọ́tọ̀, láéláé. Tó bá débẹ̀, drive ti lọ nìyẹn. Ẹ má fi capacitor síbẹ̀. Kí ẹ tó fi megger (ẹ̀rọ tó ń fi iná ńlá dán ìbòrí wáyà wò) wọn mọ́tọ̀, ẹ tú wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lára drive. Bí ẹ bá sì ti pa iná, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ìdérí rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ wá fi mítà CAT III 1000 V wọn ẹnu DC+ àti DC− lára drive. Bó bá ṣì ju 50 V lọ, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án.