Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bá wa parí ìjà nílé lọ́dọ̀ wa ní Ìjùmú, ní ìpínlẹ̀ Kogí níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tèmi. Lásìkò kaṣú 2021, ọmọ àdúgbò wa kan wọ oko màmá mi lóru, ó gbé àpò kaṣú méjì tí wọ́n ti sá gbẹ lọ. Ọlọ́pàá ni mo fẹ́ pè. Àwọn àgbà agbolé ní rárá, ọmọ wa ni, wọ́n ní ká wá jókòó, kò tó ogún mínítì wọ́n ti ní kọ́mọ dọ̀bálẹ̀, kí màmá sì dárí jì í. Màmá ní àwọn ti dárí jì í. Alẹ́ ọjọ́ yẹn màmá ò jẹun.

Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́fíà ló tún un ṣe. Kò pèpàdé kankan o, ìdí ààrò ló bá màmá, ó jókòó lórí àpótí, ó ní kí ló dùn yín jù níbẹ̀, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Kò sẹ́ni tó tíì bi wọ́n bẹ́ẹ̀, èmi ọmọ wọn gan-an ò bi wọ́n. Wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn láti dá lọ sóko mọ́, àti pé iná ọ̀gbẹlẹ̀ ti jó igi àwọn rí torí kò sẹ́ni tó máa bá àwọn ro etí oko. Ló bá lọ bá ọmọ náà lóun nìkan. Wọ́n kọ ọ́ síwèé: á sanwó àpò kan lẹ́ẹ̀mejì, á ro etí oko yíká dípò èkejì, màmá tẹ̀ka, àgbà kan ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló padà wá wò ó bóyá wọ́n ń ṣe é.

Irú ẹ̀ ò ṣàjèjì sófin. Òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n tuntun, ti 2019, fàyè gba iṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n, ó sì fàyè gba kí ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ jókòó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìfipábánilòpọ̀ kọ́ o! Wọ́n fẹ́ parí irú ẹ̀ lágbolé kan lójú mi, mo dìde kúrò níbẹ̀, ọsibítù àti ọlọ́pàá ni kẹ́ ẹ gbé ìyẹn lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, màmá fúnra wọn ló ránṣẹ́ sọ́mọ yẹn pé kó wá ro etí oko, wọ́n sì sanwó fún un.