Àtàǹpàkò Bàbá Apẹja

Ẹ bá mi dúpẹ́ o. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Láti Sátidé ni ẹ ti ń bi mí pé fọ́tò ọkọ̀ ojú omi tí mo fi ń yangàn dà. Ọkọ̀ wà. Èmi náà wà. Àbíkẹ́yìn mi ń sáré kiri inú ilé bí mo ṣe ń kọ èyí, òun gan-an ni ọpẹ́ mi.

Ẹ rántí àwọn tó ní obìnrin kò lè fi tírélà (ohun onítáyà tí mọ́tò fi ń fa ọkọ̀ ojú omi kiri) rìn sẹ́yìn? Ẹ mọ ara yín. Mo fi í rìn sẹ́yìn o! Odindi oṣù méjì ni mo fi kọ́ ọ lórí pápá tó ṣófo: ọwọ́ kan nísàlẹ̀ sítíárìn, ibi tí mo bá fẹ́ kí ìdí tírélà yà sí ni mo ń ti ọwọ́ yẹn sí, díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ etí omi, ó sì gún bí ìlà rúlà. Orí mi wú. Orí wíwú yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Mọ́tò mẹ́ta ló tò sẹ́yìn mi, wọ́n ń tẹ fèrè. Lókè níbi ìgbọ́kọ̀sí ló yẹ kéèyàn ti parí gbogbo ètò, kó tó sún mọ́ omi rárá: kó ẹrù sínú ọkọ̀, tú bẹ́líìtì tó so ìdí ọkọ̀ mọ́ tírélà, so okùn mọ́ imú ọkọ̀, kó sì fi èdídí dí ihò ìdí ọkọ̀, èyí tí omi òjò máa ń gbà jáde. Mo ṣe mẹ́ta àkọ́kọ́. Èdídí wà nínú àpò ṣòkòtò mi. Èmi ni mo fi í síbẹ̀ kó má baà sọnù.

Ọkọ̀ léfòó. Mo dè é mọ́ afárá etí omi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́, mo ní kí ọmọ jókòó sínú rẹ̀ (ẹ má ṣe irú rẹ̀ láé), mo wa mọ́tò lọ páàkì. Ìgbà tí mo padà dé, ó ní, "Màmá mi, omi ti wọ bàtà mi." Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Mo wo ìdí ọkọ̀, ó ti rì débi pé omi fẹ́ máa gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹnu mi là, igbe ò jáde.

Bàbá kan ń fi ìwọ̀ pẹja nítòsí. Bàbá yìí ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n ju ọ̀pá ìwọ̀ sílẹ̀, wọ́n bọ́ fìlà orí wọn dé ọmọ lórí, wọ́n sì bọ́ sómi, omi dé wọn láyà. Wọ́n na ọwọ́ sísàlẹ̀ ọkọ̀, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń tá ràrà bí ẹni tó ń wá owó nínú òkùnkùn. "Mo ti bá a." Àtàǹpàkò wọn ni wọ́n kì bọ ihò náà. "Gbé ọmọ jáde ná. Lẹ́yìn náà kí o wá èdídí rẹ wá."

Mo gbé ọmọ sórí afárá, mo sáré gba ọ̀nà mọ́tò. Mo ti dé ìdajì ọ̀nà kí kọ́kọ́rọ́ tó lu nǹkan onídẹ nínú àpò mi. Kán-ín. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún díẹ̀, mo dìde, mo sáré padà.

Ihò tó fẹ̀ tó ínǹṣì 1, bó bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà 1 nísàlẹ̀ omi, lè gba omi tó lé ní lítà 40 wọlé ní ìṣẹ́jú kan. Kílò kan ni lítà kan omi. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, kí ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. A fi èdídí dí ihò náà, a fa ọkọ̀ padà sórí tírélà, a gbé e gòkè, a yọ èdídí, omi sì ń dà jáde títí ó fi sú mi.

Ẹ̀yin tí ẹ dúró tí ẹ ń ya fídíò, mo kí yín. Fóònù yín á pẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó sì tẹ fèrè jù lẹ́yìn mi, Ọlọ́run ló dá a lóhùn: lókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ti tú ìkọ́ wíǹṣì (ẹ̀rọ tó ń fa ọkọ̀ mọ́ iwájú tírélà), ọkọ̀ rẹ̀ yọ̀ kúrò lórí tírélà, ó fi ìdí gbá kọnkéré. Títí ọkọ̀ yóò fi wọ omi, ẹ má tú ìkọ́ yẹn o. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́ kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, kí ẹ fi igi dí táyà, torí ẹsẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ máa ń yọ̀ bí ọṣẹ. Bí ọ̀nà tí ẹ rìn bá jìn, ẹ jẹ́ kí ìdí táyà tírélà tutù kí ẹ tó tì í bọmi. Mo mọ̀ pé ẹ ò bi mí.

Ohun kan tí mo ṣe dáadáa ni pé ẹ̀wù agbẹ̀mílà wà lára ọmọ mi látìgbà tó ti sọ̀ nínú mọ́tò.

Bàbá ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ìwọ̀ àwọn ti há sábẹ́ afárá, kí n jẹ́ kí àwọn lọ tú u. Fìlà wọn ṣì wà lórí àbíkẹ́yìn mi, ó fi sùn lánàá. Sátidé tó ń bọ̀ la máa dá a padà, bó bá gbà.